Ẹ́ńjìnnì Tí Ìtọ̀ Rẹ̀ Tutù

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ń ki ọwọ́ bọ omi tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Odígbó ni mo wà, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ sí ẹ̀bá oko kòkó wọn, àmọ́ títí di òní, bí mo bá ń fọwọ́ kí n tó jẹun, mo máa ń dúró díẹ̀ láti mọ̀ bóyá omi náà tutù tàbí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí písítìn nínú abọ́ òun.

Àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń tẹ̀ lé mi délé lẹ́yìn ìsìn, tí wọ́n ń béèrè irú iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn lè kọ́, àwọn ni mo ń kọ èyí fún. Mi ò ní tàn yín. Iṣẹ́ yìí bọ́ mi, ó sì tọ́ àwọn ọmọ mi. Àmọ́ ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi nídìí rẹ̀ tí mi ò tíì bọ́ nínú ìyàlẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé mo mọ gbogbo rẹ̀ látilẹ̀, àṣé ìdajì ni mo mọ̀. Ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìdajì tó kù, ẹnu mi ò sì tíì padé.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Bàbá mi fẹ́ kí n jogún oko kòkó, èmi ò fẹ́ràn oko. Ọjọ́ kan ni wọ́n fi epo pupa rán mi lọ sí Agbabu, níbi tí àwọn ará Ìlàjẹ máa ń gbé ọkọ̀ wọn gba orí odò Olúwa wá láti rà á. Mo rí ọkùnrin kan tó tẹ̀ba lórí ẹ́ńjìnnì tó ti kú. Ó fetí lé e, ó fi ìdí sípánà kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó yí nǹkan kan, ó fa okùn, ẹ́ńjìnnì náà sì dáhùn. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, mo sì gbàgbé owó epo sọ́wọ́ ẹni tó rà á. Bàbá mi bínú fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n mú mi lọ bá ọkùnrin náà, wọ́n ní, "Ẹ bá mi kọ́ ọ níṣẹ́. Bó bá ya ọ̀lẹ, ẹ dá a padà sóko."

Ọ̀gá Símíónì ni orúkọ ọkùnrin náà. Ará Ìlàjẹ ni wọ́n, wọ́n ti fi Agbabu ṣe ilé, wọ́n sì jẹ́ alàgbà nínú ilé àdúrà Aládùúrà tó wà létí odò. Bí wọ́n bá wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ ìsìn, tí wọ́n ń lọ láìwọ bàtà, ẹ ó rò pé wọn ò rí epo ẹ́ńjìnnì rí láyé. Ìyàwó wọn ni Ìyá Déborà, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ló ń se oúnjẹ tí gbogbo wa ń jẹ ní ṣọ́ọ̀bù.

Kí ẹ lè máa bá mi lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kò ní rédíétọ̀ bíi ti mọ́tò. Odò fúnra rẹ̀ ló fi ń tu ara. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, rọ́bà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kan sì wà níbẹ̀ tí à ń pè ní ìmpẹ́là, òun ló ń fa omi sókè. Omi yẹn á gun òkè, á yí ara ẹ́ńjìnnì po, á gba ooru tó wà lára rẹ̀, á sì padà sódò. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn tí díẹ̀ nínú omi náà máa ń gbà tú jáde tín-ín-rín. Ìtọ̀ ni à ń pè é. Gbogbo awakọ̀ ló máa ń bojú wẹ̀yìn wò ó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń tọ̀, ọkàn wọn á balẹ̀. Bí kò bá tọ̀ mọ́, kí wọ́n pa á kíákíá ni, kó má baà jóná.

Ọ̀gá mi kì í wo ìtọ̀ lójú lásán. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọn ò fi jẹ́ kí n di sípánà mú. Iṣẹ́ mi ni kí n pọn omi kún ìdajì dúrọ́ọ̀mù tí a ti ń dán ẹ́ńjìnnì wò, kí n di ojú mi, kí n sì ki ọwọ́ bọ ìtọ̀.

"Ọma, fi ọghọ́ rẹ kàn án," wọ́n á wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ọ̀hún ń pe ọmọ àti ọwọ́. "Kí lo gbọ́?"

"Ó gbóná, ọ̀gá."

"Ó gbóná bíi kí ni?"

"Bí ẹ̀kọ mímu."

"Ẹ̀kọ ìsinsìnyí àbí ẹ̀kọ tí ẹnìkan ti gbàgbé sílẹ̀ lọ sí ọjà?"

Bí mo bá ṣì í, ìdí sukudíráfà á bà mí lórí. Bí mo bá gbà á, wọn ò ní yìn mí, wọ́n á kàn ní kí n tún pọn omi. Wọ́n kọ́ mi pé omi náà gbọdọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ti ń há níbì kan: ìmpẹ́là ti gé lẹ́sẹ̀, tàbí iyanrìn ti wọlé, tàbí ewé ti bo ẹnu ibi tó ti ń mu omi. Ti omi tútù, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n mẹ́nu bà á. Wọ́n ní omi tó bá tutù kò tíì dé ibi tó ń lọ. Mo gbọ́, mo sì fi í pamọ́ sínú.

Òfin kejì tiwọn wà lórí ẹnu. Ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ lanu níwájú oníbàárà. Ọdún kejì mi ni mo rú òfin yìí. Oníbàárà kan gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá gbà, ó bi mí pé, "Ṣé ó ti dáa?" Èmi náà, mo fẹ́ fi hàn pé mo ti mọ iṣẹ́. Mo ní ó ti dáa, pé a ti yọ tẹ́mósítáàtì tó ń dá omi dúró nínú rẹ̀ dànù nítorí a ò rí òmíràn. Ọkùnrin náà yarí pé ta ló ní kí a yọ nǹkan òun dànù. Ó gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ, kò sì padà wá mọ́ láé.

Ọ̀gá mi ò pariwo. Wọ́n mú púlọ́ọ̀gì àlòkù kan, wọ́n ní kí n yanu, wọ́n fi há mi láàárín eyín. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Láti àárọ̀ títí a fi palẹ̀ mọ́ ni irin yẹn wà lẹ́nu mi, itọ́ ń ṣàn sí mi láyà, àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń wò mí. Ó yà mí lẹ́nu pé ènìyàn tó ń gbàdúrà tó bẹ́ẹ̀ lè le tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo kọ́gbọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, bí oníbàárà bá bi mí bóyá ilẹ̀ ti mọ́, màá wo ojú ọ̀gá mi kí n tó dáhùn.

Ìgbà yẹn ni àwọn ológun gba ìjọba, tí ìlú sì le. Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Àwa tí a ń tò fún iyọ̀, fún mílíìkì, fún ọṣẹ ìfọṣọ, ṣé ti ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì la ó wá rí? Àwọn nǹkan wọ̀nyí òkè òkun ni wọ́n ti ń wá, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n wọlé mọ́. Mo lọ sí oríta Ọ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ìmpẹ́là fún wa. Pẹpẹ rẹ̀ ṣófo, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa dé. Ó ní kí n lọ bi ṣọ́jà.

Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìmpẹ́là láti ara táyà mọ́tò. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó ń lò kó tó rún, a ó sì gé òmíràn. Wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì gé gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pépà tí ń dí àárín irin méjì kí omi má jò. Wọ́n máa ń fi gírísì pa á lára, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó yá, gírísì náà di ohun àwátì.

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì wà nínú ilẹ̀ Agbabu. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé ìjọba ń bọ̀ wá wà á. Òun náà ló máa ń rú jáde fúnra rẹ̀, dúdú, kì í tán, àwọn tó ń kan ọkọ̀ a sì máa fi dí ojú ibi tó bá ń jò. Ọjọ́ kan ni ọ̀gá mi dúró lójú ibi tó ti ń rú jáde, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní, "À ń lọ sí Ọ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, ohun tí à ń wá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa." Inú wọn dùn bíi ti ẹni tó rí ẹ̀bùn gbà. Ó dùn mọ́ èmi náà, mi ò ní purọ́. A kò rò ó pé ohun tí ń dí ojú ọkọ̀ kì í súnmọ́ iná rárá, àmọ́ inú iná ni gáskẹ́ẹ̀tì ń gbé.

Ẹ́ńjìnnì tí a fi dán an wò ni ti ọkọ̀ ilé àdúrà. Ìdúpẹ́ ìkórè ń bọ̀ ní ẹ̀ka wọn tó wà nísàlẹ̀ odò, àwọn alàgbà méje sì fẹ́ wọ ọkọ̀ náà lọ. Ìdérí kan wà lórí ẹ́ńjìnnì yẹn tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, gáskẹ́ẹ̀tì tó dí i ti jẹrà. Ọ̀gá gé àpò sìmẹ́ǹtì, èmi ni mo fi ọ̀dà kùn ún. Wọ́n ní kí n fi kún un. Mo fi kún un. Wọ́n tún ní kí n fi kún un. Nírọ̀lẹ́, a dán an wò nínú dúrọ́ọ̀mù fún ìgbà díẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ di àárọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, a gbé e kọ́ ìdí ọkọ̀, ọ̀gá fa okùn, ó dáhùn. Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kí ẹ wá wò ó. Ó le, ó gùn, ó jìnnà ju bí ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe ń tọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Àwọn alàgbà tí wọ́n dúró létí odò nínú aṣọ funfun gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní alelúyà. Ọ̀gá mi fọwọ́ kàn án, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pe àwọn yòókù.

"Ẹ wá fọghọ́ kàn án. Ó tutù bí omi àmù. Ara ẹ́ńjìnnì tutù pẹ̀sẹ̀."

Gbogbo wọn fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ mọ̀ pé omi tútù ni wọ́n ń gbàdúrà sí, tí wọ́n ń fún aláìsàn mu? Lójú wọn, kò sí àmì rere tó ju omi tútù lọ. Èmi náà kàn án. Ó tutù lóòótọ́, bí ẹni pé odò ló kàn fò kọjá lára irin. Òórùn ọ̀dà sì ń kọlù mí nímú, àmọ́ ibo ni kì í rùn bẹ́ẹ̀ ní Agbabu? Mo wo ojú ọ̀gá mi, ojú wọn ń dán fún ayọ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Mo la ẹnu. Mo rántí irin tó wà láàárín eyín mi lọ́jọ́sí. Mo pa á dé. Ìyá Déborà ò bá wa lọ, wọ́n dúró sí èbúté, wọ́n juwọ́ sí wa.

A ti rìn tó ìdajì wákàtí nígbà tí ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Ó wúwo, ó ń kérora. Èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ ìdérí rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gan pa, ó dákẹ́. Àkókò òjò ni, odò kún, ọkọ̀ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ síbi tí omi bá fẹ́. Àwọn alàgbà dijú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù pẹ̀lú ohùn òkè. Ọ̀gá mi ṣí ìdérí. Ọ̀dà tó wà lára irin ti wú, ó ń ho.

"Má fọghọ́ kàn án," ni wọ́n sọ fún mi. "Jẹ́ kó sinmi." Wọ́n tẹ̀ síwájú láti wo ibi tí èéfín ti ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí lórí. Mo ń rí èéfín, mo ń rí pẹtiróòlù nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́sẹ̀ mi, ọkàn mi sọ fún mi pé iná ló fẹ́ sọ. Igbá tí a fi ń gbọ́n omi ọkọ̀ wà nítòsí. Mo bu omi odò, mo dà á lé ẹ́ńjìnnì náà lórí.

Irin náà ké. Ó là gbàù. Omi tí mo dà sí i di ooru funfun lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lọ tààrà sí ojú ọ̀gá mi. Wọ́n ṣubú sẹ́yìn lé mi láyà, ọwọ́ wọn méjèèjì bo ojú wọn, wọ́n ń pe orúkọ ìyá wọn. Ìyá wọn ti kú tipẹ́. Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà rí, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ títí màá fi kú.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu nìyí: títí ẹ́ńjìnnì yẹn fi gan, ó ń tọ̀. Mo ti bojú wẹ̀yìn wò ó níṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú. Orí rẹ̀ ń jóná, ìtọ̀ rẹ̀ sì ń tàn yanranyanran nínú oòrùn.

A fi pákó ìjókòó wa ọkọ̀ padà sí Agbabu. Wọ́n gbé ọ̀gá sínú píkọ́ọ̀pù lọ sí ọsibítù. Oògùn ṣọ̀wọ́n nílùú nígbà náà, ìwé ni wọ́n ń kọ léni lọ́wọ́ pé kí a lọ rà á níta, ẹni tí a bá sì bá níta kò ní in. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú méjèèjì ti lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n.

Àwọn alàgbà wá kí wọn. Mo dúró sí ẹ̀bá ògiri. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè pé ta ló da omi sí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, nítorí kò sí ẹni tó lajú nínú wọn nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá mi kọjú sí ibi tí ohùn náà ti wá, wọ́n ní, "Èmi ni. Ìkánjú ni mo ṣe."

Wọ́n mọ̀ dájúdájú pé kì í ṣe àwọn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀, àwọn àlejò sì gbàdúrà, wọ́n jáde. Ohun tí mi ò lè sọ lọ́jọ́ náà wá ń wúwo sí i lójoojúmọ́.

Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n ní kí n tú ẹ́ńjìnnì náà, kí n sì gbé orí rẹ̀ lé àwọn lọ́wọ́. Ọ̀dà náà ti yọ́ nígbà tí a kọ́kọ́ dán an wò nínú dúrọ́ọ̀mù, ó ṣàn sínú ọ̀nà omi, ó sì tún dì gan-in-gan-in bí òkúta. Omi ò lè gun òkè mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń gba ihò ìtọ̀ tó wà nísàlẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tó fi le, tó sì tutù. Ọ̀gá fi ìka tọ gbogbo ojú ọ̀nà náà.

"Nígbà tí o fọghọ́ kàn án, kí lo gbọ́?"

"Ó tutù, ọ̀gá."

"O mọ̀ pé kò yẹ kó tutù?"

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

"Èmi náà mọ̀," ni wọ́n wí. "Ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n gbà."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òfin ẹnu pa rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní láti òní lọ, bí èmi bá rí ohun tí kò tọ́, kí n sọ ọ́, bó jẹ́ níwájú gómìnà. Mo sì sọ ọ́ láti ìgbà náà, àfi ọ̀kan ṣoṣo.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fún mi ní fírídọ̀mù mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sí Èkó, wọ́n ń lọ sí Sàpẹ́lẹ̀. Èmi náà rí ìwé gbà láti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Warri, pé kí n wá. Ó jẹ́ iṣẹ́ tí gbogbo mẹkáníìkì odò ń lá àlá rẹ̀. Mo ka ìwé náà sí ọ̀gá mi létí, Ìyá Déborà dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ń fọ̀. Ọ̀gá ní, "Ohun tí o bá fẹ́ ni." Mo ní mi ò lọ. Bàbá mi wá láti Odígbó láti béèrè bóyá wọ́n ti fún mi ní nǹkan jẹ. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Ẹni tí mo gba ojú rẹ̀, ṣé mo tún lè gba ara mi lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró tì wọ́n, títí wọ́n fi kú. Mi ò tíì rí mẹkáníìkì bíi tiwọn nígbà tí ojú wọn lọ tán. Èmi á máa tú u, àwọn á máa fọwọ́ kà á. Wọ́n á gbọ́ ìtọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní ìmpẹ́là rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láìríṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká. A ó ṣí i, bẹ́ẹ̀ náà la ó bá a. Àwọn ènìyàn ń ti Igbókòdá wá wò wọ́n, ẹnu á yà wọ́n, wọ́n á yìn mí pé mo jẹ́ ọmọ rere, pé ta ló tún ń sin ọ̀gá bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Ìyìn yẹn máa ń gún mi. Lójoojúmọ́ ni Ìyá Déborà ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún mi, ẹran tèmi a sì máa tóbi ju tàwọn ọmọ wọn lọ. Mo sì ń jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ikú wọn, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí Ọ̀rẹ̀. Ojú ọ̀nà ti dáa díẹ̀, àwọn èrò odò ti dín kù, àmọ́ àwọn ará Ìlàjẹ ṣì ń gbé ẹ́ńjìnnì wọn wá bá mi. Ayé yí lójú mi. Tòkunbọ̀ dé láti Kútọnu, ìmpẹ́là pọ̀ lọ́jà débi pé ayédèrú pọ̀ ju ojúlówó. Ewé kan tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò bo odò, ó ń dí ẹnu ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí a bọ́ nínú ìyẹn, ọ̀rá pió wọ́tà gba ipò rẹ̀. Sílíkọ́ọ̀nù inú tíùbù dé, ọmọdé lè fi dí ohun tí a fi ọ̀dà bà jẹ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ẹ́ńjìnnì tuntun kan tí wọ́n gbé wá. Mo di ẹnu ibi tó ti ń mu omi láti dán an wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ewúrẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, pé bí ara rẹ̀ bá ti ń gbóná, á sọ fún ẹni tó ń wà á. Mo jókòó sórí táyà, ojú mi kún fún omi. Irin lásán lè ké sóde pé òun ń jóná, èmi tí Ọlọ́run dá ẹnu fún dákẹ́ níwájú àgbà méje. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, ẹ wá ọ̀gá tó le, kò burú. Àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣeé bá sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo kó sípánà mi lé ọmọ iṣẹ́ mi tó dàgbà jù lọ́wọ́. Mo wá ní kí n lọ sọ ohun tó ń jẹ mí nínú kí ikú tó pa ọ̀kan nínú wa. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Agbabu lọ́sàn-án gangan. Ìyá Déborà wà lábẹ́ igi máńgòrò wọn, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí. Wọ́n ti gbó, àmọ́ etí wọn ṣì mú. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n súre fún mi, wọ́n fi àpótí kan hàn mí, mo sì jókòó. A sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ Déborà tó ti bí ọmọ ọmọ. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ́. Mo ní èmi ni mo da omi náà, pé ọ̀gá gbà á mọ́ra lásán ni.

"Mo mọ̀, ọma mi," ni wọ́n wí. Ọwọ́ wọn ò kúrò lára ẹ̀gúsí. "Bàbá Déborà sọ fún mi ní ọsibítù, lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ti dárí jì ọ́. Èmi náà dárí jì ọ́."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fi sọ fún mi.

Wọ́n gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Mo fẹ́ sọ. Wọ́n ní kí n má sọ. Wọ́n ní bí o bá ti gbọ́ pé a ti dárí jì ọ́, wàá lọ. Wọ́n ní, ta ni yóò wá jẹ́ ojú àwọn?" Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ wọn. "Ọjọ́ tí ìwé àwọn ará Warri dé, mo kúnlẹ̀ fún wọn nínú yàrá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ lọ jẹ ayé rẹ̀. Wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún tó ń bọ̀ dé, wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà sì ń fi ẹran tó tóbi sí oúnjẹ rẹ."

Adìyẹ kan wá ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́sẹ̀ wa, kò sí ẹni tó lé e nínú àwa méjèèjì.

"Akíndélé," ni wọ́n wí, "ṣé o lè dárí jì wá?"

Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná. Wọ́n kàn ń wò mí, nítorí orí àpótí ni mo ti jókòó tẹ́lẹ̀.